Adé Kì Í Ṣe Oúnjẹ: Ìtàn Althea Gibson

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ibi tí a bá ti ń ṣiṣẹ́ ni a ti ń jẹ. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣòro láti yé ọmọ Yorùbá. Bí àyàn bá lu ìlù láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, owó ni a fi ń lẹ̀ ẹ́ níwájú orí. Bí alágbẹ̀dẹ bá rọ ọkọ́, tàbí bí gbẹ́nàgbẹ́nà bá gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin, ohun tí wọn yóò jẹ ń bẹ nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé owó tí wọ́n gbà ti ba ẹwà iṣẹ́ wọn jẹ́. Bí a bá rí ẹni tí ó ní kí onílù máa lù ú lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí pé ohun iyì ni ìlù lílù, a ó ní olúwa rẹ̀ fẹ́ rẹ́ onílù jẹ ni.

Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ rí nínú eré tẹ́nìsì ní ilẹ̀ àwọn òyìnbó. Láti ọdún 1877 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìdíje Wimbledon ní ìlú London títí di ọdún 1968, eléré aláìgbowó nìkan ni a gbà láàyè láti díje fún ife-ẹ̀yẹ níbẹ̀. Bákan náà ni òfin rí ní ìdíje ńlá ti Amẹ́ríkà, ti ilẹ̀ Faransé àti ti Australia. Ẹni tí ó bá fi tẹ́nìsì ṣe iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ di agbowó, wọn a sì ti ilẹ̀kùn àwọn ìdíje wọ̀nyí mọ́ ọn. Àwọn tí ó ṣe òfin náà ń pè é ní ọ̀nà láti dáàbò bo ìwà ọmọlúàbí nínú eré. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó jẹ́ ọmọ ọlọ́rọ̀, tí baba wọn ti fi ilẹ̀, ilé àti owó sílẹ̀ fún. Ẹni tí ó ti yó ni ó rọrùn fún láti sọ pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ kò ṣe pàtàkì.

Obìnrin tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí kò wá láti ilé àwọn tí ó ti yó. Althea Gibson ni orúkọ rẹ̀. Òun ni ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba ife-ẹ̀yẹ ẹlẹ́nìkan ní ìdíje ilẹ̀ Faransé, ní Wimbledon, àti ní ìdíje ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Nígbà tí àwọn ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọ̀ ni wọ́n sábà máa ń sọ: pé ó la ọ̀nà ní ibi tí kò sí ọ̀nà. Òótọ́ ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn méjì ni ó tì sí iwájú obìnrin yìí. Ọ̀kan ni ilẹ̀kùn àwọ̀, èkejì ni ilẹ̀kùn owó. Nípa ti àkọ́kọ́, àwọn òpìtàn ti kọ púpọ̀. Èrò tèmi ni pé bí a kò bá wo èkejì dáadáa, a kò ní mọ ìdí tí ẹni tí ayé pàtẹ́wọ́ fún ní ọdún 1957 fi di ẹni tí ó ń wá owó ilé àti owó oògùn nígbà tí ogbó dé.

A bí Althea ní ọjọ́ 25, oṣù kẹjọ, ọdún 1927, ní ìletò Silver ní ìpínlẹ̀ South Carolina. Daniel ni orúkọ baba rẹ̀, Annie ni ìyá rẹ̀. Àgbẹ̀ ni wọ́n. Lórí ilẹ̀ onílẹ̀ ni wọ́n ti ń dá oko òwú, wọ́n sì ń pín irè oko náà pẹ̀lú ẹni tí ó ni ilẹ̀. Nígbà tí ọrọ̀ ajé dojú dé ní Amẹ́ríkà ní òpin ọdún 1929, irú àwọn àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà lára àwọn tí ìyà náà kọ́kọ́ bà. Ní ọdún 1930, ẹbí náà ṣí lọ sí Harlem, àdúgbò tí àwọn ènìyàn dúdú pọ̀ sí ní New York, gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé mìíràn ti ń ṣe nígbà náà.

Ní Harlem, àwọn ọlọ́pàá a máa dí àwọn òpópó kan mọ́ ọkọ̀ ní ọ̀sán kí àwọn ọmọdé lè rí ibi ṣeré. Ọ̀kan nínú wọn wà ní àdúgbò àwọn Gibson. Níbẹ̀ ni Althea ti kọ́ eré kan tí ó fara jọ tẹ́nìsì, èyí tí a ń fi pátákó kékeré gbá. Ní ọdún 1939, nígbà tí ó di ọmọ ọdún 12, ó ti di ọ̀gá nínú eré yìí láàárín àwọn ọmọbìnrin New York. Kò fẹ́ràn ilé-ìwé rárá. A máa sá kúrò níbẹ̀ lọ wo sinimá tàbí lọ gbá bọ́ọ̀lù, baba rẹ̀ a sì nà án. Baba yìí kan náà ni ó kọ́ ọ ní ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, kí ẹnikẹ́ni má baà rẹ́ ẹ jẹ ní òpópó.

Olórin kan tí ó ń bójú tó eré àwọn ọmọdé, Buddy Walker, ni ó kíyè sí i pé ọwọ́ ọmọ yìí kì í ṣe ọwọ́ lásán. Ó wá rákẹ́ẹ̀tì fún un. Láìpẹ́, àwọn ará àdúgbò dá owó jọ, wọ́n fi san owó ẹgbẹ́ fún un ní Cosmopolitan Club, níbi tí àwọn ènìyàn dúdú tí ọwọ́ wọn tó ẹnu ti ń gbá tẹ́nìsì. Fred Johnson, olùkọ́ tí ó ní apá kan ṣoṣo, ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí á fi ọ̀rọ̀ owó tí wọ́n dá jọ yìí sí ọkàn, nítorí pé a ó tún padà bá a. Ohun tí ó mú ọmọ àgbẹ̀ òwú dé orí pápá tẹ́nìsì ni kọ́bọ̀ kọ́bọ̀ tí àwọn ènìyàn yọ nínú àpò wọn.

Kì í ṣe bọ́ọ̀lù gbígbá nìkan ni wọ́n fẹ́ kọ́ ọ ní Cosmopolitan Club. Wọ́n fẹ́ kí ó wọ aṣọ funfun, kí ó máa rọra sọ̀rọ̀, kí ó sì bọ ọ̀tá rẹ̀ lọ́wọ́ bí ó bá pàdánù. Ọmọ òpópó ni Althea; ní àkọ́kọ́, ìwà wọ̀nyí dà bí ẹ̀wù tí a rán fún ẹlòmíràn lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fara balẹ̀ kọ́ wọn, nítorí ó rí i pé eré yìí kò ní gba ẹni tí kò bá kọ́ ìṣe àwọn tí ó ni ín.

Ní àkókò tí à ń wí yìí, àwọn ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà ní ẹgbẹ́ tẹ́nìsì tiwọn, American Tennis Association, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1916 nítorí pé ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ funfun kò gbà wọ́n. Nínú ẹgbẹ́ yìí ni Althea ti gba ife-ẹ̀yẹ àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin ní ọdún 1944 àti 1945. Ní ọdún 1946 ó dé àṣekágbá ti àwọn àgbàlagbà obìnrin, ó sì fìdí rẹmi. Àwọn dókítà méjì kan, Hubert Eaton ti Wilmington ní North Carolina àti Robert Walter Johnson ti Lynchburg ní Virginia, wà níbẹ̀. Wọ́n rí ohun tí ẹni tí ó pàdánù yìí lè dà. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ lọ̀ ọ́ pé kí ó padà sí ilé-ìwé: ilé Dókítà Eaton ni yóò máa gbé bí ilé-ìwé bá wọlé, ilé Dókítà Johnson ni yóò sì máa gbé ní àkókò ọlidé, kí ó lè máa lọ sí àwọn ìdíje.

Ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í wò ó. Àwọn dókítà yìí bọ́ ọ, wọ́n wọ̀ ọ́ láṣọ, wọ́n rán an ní ilé-ìwé. Láti ọdún 1947 títí di 1956, ọdún mẹ́wàá gbáko, kò sí obìnrin tí ó gba ife-ẹ̀yẹ ẹgbẹ́ náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó parí ilé-ìwé gíga ní ọdún 1949, ó sì wọ Yunifásítì Florida A&M lórí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́.

Ní gbogbo àkókò yìí, ilẹ̀kùn àwọ̀ kò tíì ṣí. Ìwé òfin kò sọ pé ènìyàn dúdú kò gbọdọ̀ gbá bọ́ọ̀lù ní ìdíje ńlá ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní Forest Hills. Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé ẹni tí ó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ara hàn ní àwọn ìdíje kéékèèké, inú ọgbà àwọn ẹgbẹ́ àdáni sì ni wọ́n ti ń ṣe ìwọ̀nyí, níbi tí wọn kì í ti í gba ènìyàn dúdú. A kò lé e, bẹ́ẹ̀ ni a kò sì pè é. Ẹni tí ó la ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ ni Alice Marble, aláwọ̀ funfun tí òun fúnra rẹ̀ ti gba ife-ẹ̀yẹ Amẹ́ríkà ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ní oṣù keje ọdún 1950, ó kọ àpilẹ̀kọ sínú ìwé ìròyìn American Lawn Tennis. Ó dá àwọn alákòóso lẹ́bi, ó sì ní ìtìjú ni fún gbogbo àwọn tí ó ń gbá tẹ́nìsì bí wọn kò bá jẹ́ kí ọmọbìnrin yìí fi ohun tí ó mọ̀ hàn lórí pápá.

Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, Althea wọ Forest Hills. Ó borí ẹni àkọ́kọ́ tí ó kojú. Ẹnìkejì tí ó bá pàdé ni Louise Brough, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ife Wimbledon ní ẹ̀ẹ̀kẹta léraléra. Brough gba abala kìíní, 6-1. Althea gba èkejì, 6-3. Ní abala kẹta, Althea ti gbà méje sí mẹ́fà, ó ku díẹ̀ kí ó borí, ni ojú ọ̀run bá ṣú. Òjò dé pẹ̀lú ààrá, ààrá náà sì wó ọ̀kan nínú àwọn ẹyẹ idì olókùúta tí ó wà lókè pápá náà lulẹ̀. Wọ́n dá eré dúró di ọjọ́ kejì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Brough ti sinmi, ẹ̀rù sì ti ba Althea sùn mọ́jú. Brough gba abala náà, 9-7. Bí Althea tilẹ̀ pàdánù, ilẹ̀kùn àwọ̀ ti yẹ̀ díẹ̀. Ní ọdún 1951 ó di obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tí ó díje ní Wimbledon.

Ilẹ̀kùn kejì ni kò yẹ̀. Lẹ́yìn tí ó gboyè ní yunifásítì ní ọdún 1953, ó di olùkọ́ eré ìdárayá ní Yunifásítì Lincoln ní Jefferson City, ìpínlẹ̀ Missouri. Ọmọ ọdún 26 ni, ó sì wà lára àwọn obìnrin tí ó mọ tẹ́nìsì gbá jù lọ ní Amẹ́ríkà. Síbẹ̀ eré náà kò lè san owó ilé rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ díje, ó gbọ́dọ̀ wá àkókò láàárín iṣẹ́ olùkọ́. Ní ọdún 1955 ó ti ń ro ó pé kí òun fi tẹ́nìsì sílẹ̀, kí òun wọ iṣẹ́ ológun, nítorí pé níbẹ̀, ó kéré tán, owó oṣù wà.

Ìjọba ni ó yí i lọ́kàn padà, kì í sì í ṣe nítorí ìfẹ́ tẹ́nìsì. Ọdún 1955 ni wọ́n pa Emmett Till, ọmọ dúdú ọdún 14, ní Mississippi. Ọdún náà ni àwọn ènìyàn dúdú Montgomery bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ rìn dípò kí wọ́n wọ ọkọ̀ tí ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Orúkọ Amẹ́ríkà ń bàjẹ́ ní ilẹ̀ òkèèrè. Ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè wá ń wá ojú dúdú kan tí wọ́n lè fi hàn ní Éṣíà. Wọ́n rán Althea pẹ̀lú aláwọ̀ funfun mẹ́ta lọ gbá bọ́ọ̀lù kiri ní Burma, India, Pakistan, Ceylon àti Thailand. Ó mọ ìdí tí wọ́n fi pe òun. Ṣùgbọ́n ìrìn-àjò yìí fún un ní ohun tí kò tíì ní rí: oṣù gbọọrọ tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju tẹ́nìsì lọ, tí ẹlòmíràn sì ń san owó oúnjẹ àti ibùsùn.

Èso rẹ̀ hàn kíákíá. Ní ọdún 1956 ó borí Angela Mortimer ní àṣekágbá ìdíje Faransé, 6-0, 12-10. Bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn dúdú kọ́kọ́ gba ọ̀kan nínú ife-ẹ̀yẹ mẹ́rin tí ó ga jù lọ ní tẹ́nìsì. Ní Paris yìí àti ní Wimbledon ọdún náà, òun àti Angela Buxton, ọmọ Júù ará Britain, ni wọ́n jọ gba ife ẹlẹ́ni-méjì. Wọn kò ní ẹlòmíràn tí ó yá wọn lára láti bá gbá. Ọ̀kan dúdú, èkejì Júù, àwọn ọgbà tẹ́nìsì kò sì fi tayọ̀tayọ̀ gba ọ̀kankan nínú wọn. Ọ̀rẹ́ tí wọ́n bá ara wọn yàn nígbà náà kò bàjẹ́ títí ikú fi dé.

Ọdún 1957 ni ọdún ògo. Ní ọjọ́ 6, oṣù keje, Althea borí Darlene Hard ní àṣekágbá Wimbledon, 6-3, 6-2, Ọbabìnrin Elizabeth Kejì sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ife-ẹ̀yẹ fún un. Nígbà tí ó padà sí New York, ìlú tú jáde láti yẹ́ ẹ sí. Wọ́n ń da bébà gígé sílẹ̀ láti ojú fèrèsé ilé gogoro bí ọkọ̀ rẹ̀ ti ń kọjá. Jesse Owens nìkan ni ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà tí ó ti rí irú ìyẹ́sí bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀ ní ìlú náà. Ní oṣù kẹsàn-án ó tún dé àṣekágbá Forest Hills. Ẹni tí ó bá níbẹ̀ ni Louise Brough, ẹni tí ààrá gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún méje ṣáájú. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí òjò: 6-3, 6-2. Richard Nixon, Igbá-kejì Ààrẹ, ni ó gbé ife fún un. Ní oṣù yìí kan náà, àwọn sójà ìpínlẹ̀ Arkansas dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé kan ní Little Rock kí ọmọ dúdú mẹ́sàn-án má baà wọlé.

Àwọn ìwé ìròyìn ènìyàn dúdú kan bínú sí i ní àkókò yìí. Wọ́n ní kò sọ̀rọ̀ tó, pé ẹni tí ó dé irú ipò bẹ́ẹ̀ yẹ kí ó máa fi ẹnu jà fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé òun kì í ṣe olórí ìjà kankan. Tẹ́nìsì ni òun mọ̀, kí wọ́n jẹ́ kí òun gbá a. Kí á má ṣe yára dá a lẹ́bi. Ẹrù gbogbo ìran kan ni wọ́n fẹ́ gbé ka orí obìnrin kan, láìbéèrè bóyá ó ti jẹun. Ẹni tí ń yènà kì í mọ̀ bóyá ẹ̀yìn òun wọ́. Àwọn tí ó ń tẹ̀lé e ni ó ń rí i.

Ṣé ó ti jẹun? Ìbéèrè náà gan-an nìyí. Owó ẹ̀bùn kò sí fún olúborí Wimbledon. Ohun tí òfin gbà kí aláìgbowó gbà kò ju owó ọkọ̀ àti owó ìnáwó ìrìn-àjò lọ. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé àwọn alákòóso ìdíje kan a máa fi owó sí ọwọ́ àwọn eléré ńlá ní ìkọ̀kọ̀. Bí òfin tí ó sọ pé òun ń dáàbò bo ìwà ọmọlúàbí ṣe di ìyá irọ́ nìyẹn. Àmọ́ owó abẹ́ tábìlì kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè fi kọ́ ilé. Lẹ́yìn tí wọ́n ti gbá bébà gígé kúrò ní òpópó New York, Althea kò ní ilé, kò ní iṣẹ́, kò sì ní owó ní báńkì. Ní ọdún 1958 ó tún gba ife Wimbledon lọ́wọ́ Angela Mortimer, ó sì tún gba ti Amẹ́ríkà lọ́wọ́ Darlene Hard. Ó ti di ọ̀gá obìnrin tẹ́nìsì ní gbogbo àgbáyé ní ọdún méjì léraléra. Nígbà náà ni ó kéde pé òun ń fi tẹ́nìsì aláìgbowó sílẹ̀. Ọmọ ọdún 31 ni. Ife-ẹ̀yẹ ńlá mọ́kànlá ni ó wà ní ọwọ́ rẹ̀: márùn-ún ti ẹlẹ́nìkan, márùn-ún ti ẹlẹ́ni-méjì, àti ọ̀kan tí òun àti ọkùnrin jọ gbà.

Ó yẹ kí á béèrè ibi tí ó ń lọ. Àwọn ọkùnrin agbowó ní ìrìn-àjò eré tiwọn, tí Jack Kramer ń darí, tí Pancho Gonzales sì jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀. Fún obìnrin, kò sí irú rẹ̀. Suzanne Lenglen, ọmọ Faransé, ti gbìyànjú rẹ̀ ní ọdún 1926, kò sì tọ́jọ́. Ní ọdún 1947, wọ́n lé Pauline Betz kúrò ní ìdíje aláìgbowó nítorí pé ó kàn ń wádìí bí òun ṣe lè di agbowó. Ẹni tí ó bá fi ibi tí kò sí owó sílẹ̀, ibi tí kò sí iṣẹ́ ni ó bọ́ sí.

Althea gbìyànjú ohun gbogbo. Ó kọrin, wọ́n sì gbé àwo orin rẹ̀ jáde ní ọdún 1959. Ní ọdún náà ó kópa nínú sinimá The Horse Soldiers tí John Ford darí, gẹ́gẹ́ bí ẹrúbìnrin. Wọ́n ní kí ó máa sọ èdè wẹ́lẹ́wẹ̀lẹ tí àwọn oníṣinimá rò pé ó yẹ ẹnu ẹrú. Ó kọ̀, wọ́n sì yí ọ̀rọ̀ náà padà. Lẹ́yìn náà ni òun àti Karol Fageros bẹ̀rẹ̀ sí í gbá tẹ́nìsì káàkiri láti dá àwọn ènìyàn lára yá kí àwọn Harlem Globetrotters tó bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n wọn. Ẹ rò ó wò: ọ̀gá Wimbledon di ẹni tí ń gbá bọ́ọ̀lù lórí pátákó gbọ̀ngàn kí àwọn tí wọ́n torí wọn wá tó jáde. Síbẹ̀, ibẹ̀ ni ó ti rí owó gidi fún ìgbà àkọ́kọ́, nǹkan bí 100,000 dọ́là. Nígbà tí ó wá gbìyànjú láti ṣètò ìrìn-àjò eré tirẹ̀, ó pàdánù owó náà. Ní Cleveland, ó gba ìdíje àgbáyé ti àwọn agbowó. Ẹ̀bùn rẹ̀ jẹ́ 500 dọ́là.

Ẹnìkan lè sọ pé àìmọ owó ná ni. Bí ó bá tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó rí owó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ayé rẹ̀, tí kò sì ní ẹlẹ́ẹ̀kejì láti fi tún àṣìṣe ṣe, kò lè ṣàṣìṣe kankan. Àwọn tí ó ní owó lọ́dọọdún a máa ṣàṣìṣe, wọn a sì tún un ṣe.

Ní ọdún 1964, ní ẹni ọdún 37, ó di obìnrin dúdú àkọ́kọ́ nínú ìdíje gọ́ọ̀fù àwọn obìnrin agbowó ní Amẹ́ríkà. Ó tún lọ kan ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ padà níbẹ̀. Àwọn ọgbà kan kò gbà á, àwọn mìíràn ní kí ó gbá gọ́ọ̀fù ṣùgbọ́n kí ó má wọ inú ilé. Inú ọkọ̀ rẹ̀ ni ó ti ń pààrọ̀ aṣọ. Kò gba ìdíje kankan níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ súnmọ́ ọn ní ọdún 1970.

Ọdún 1968 ni wọ́n pa òfin aláìgbowó rẹ́. Ní Wimbledon ọdún náà, Billie Jean King gba 750 pọ́n-ùn gẹ́gẹ́ bí olúborí àwọn obìnrin. Rod Laver gba 2,000 ní ti ọkùnrin. Ní ọdún 1970, obìnrin mẹ́sàn-án fọwọ́ sí ìwé àdéhùn dọ́là kọ̀ọ̀kan láti dá ìdíje tiwọn sílẹ̀. Ní ọdún 1973, ìdíje Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í san iye kan náà fún ọkùnrin àti obìnrin. Wimbledon kò ṣe bẹ́ẹ̀ títí di 2007. Nígbà tí ilẹ̀kùn kejì ṣí yìí, Althea ti pé ọmọ ọdún 40. Kì í ṣe pé kò lè la ilẹ̀kùn náà; ọdún mẹ́wàá péré ni ó fi ṣáájú àwọn tí yóò là á.

Ó ṣiṣẹ́ fún ìjọba lẹ́yìn náà. Ìpínlẹ̀ New Jersey fi í ṣe kọmíṣánnà eré ìdárayá láàárín ọdún 1970 sí 1980. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ọdún 1990 sókè, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú, owó tán, kò sì lè ra oògùn. Ní ọjọ́ kan ó tẹ Angela Buxton láago láti ṣe ìdágbére fún un, nítorí pé ayé ti sú u. Buxton san owó ilé àti owó oògùn, ó sì jẹ́ kí ìwé ìròyìn tẹ́nìsì kan gbé ọ̀rọ̀ náà jáde. Owó bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè. Mo ní kí á fi owó àwọn ará Harlem sí ọkàn. Ìdí rẹ̀ nìyí. Owó ìdájọ ni ó gbé Althea wọ inú tẹ́nìsì, owó ìdájọ náà ni ó gbé e kalẹ̀ ní òpin. Láàárín méjèèjì, ife mọ́kànlá.

Ó kú ní ọjọ́ 28, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2003, ní East Orange, New Jersey. Kí ó tó kú, Serena Williams ti gba ìdíje Amẹ́ríkà ní ọdún 1999, ẹ̀bùn rẹ̀ sì jẹ́ 750,000 dọ́là. Venus, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, gba Wimbledon ní ọdún 2000. Wọn kò fi iṣẹ́ wọn pa mọ́, wọn kò sì fi owó wọn pa mọ́. Ní ọdún 2019 ni wọ́n gbé ère Althea kalẹ̀ ní ọgbà ìdíje Amẹ́ríkà ní New York. Ní ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà rọ owó onírin sẹ́ǹtì 25 kan pẹ̀lú àwòrán rẹ̀ lára. Ẹni tí wọ́n kọ̀ fún láti gba sẹ́ǹtì kan nídìí iṣẹ́ rẹ̀ ni ó wà lára sẹ́ǹtì báyìí.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí àwa náà bí a ti rò. A mọ bí a ti ń ki akọni, a mọ bí a ti ń sọ òpópó ní orúkọ òkú. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa tí ó ń fi owó lẹ onílù níwájú orí mọ ohun kan tí àwọn tí ó ṣe òfin tẹ́nìsì kò mọ̀: pé oríkì kò tó, pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ dá wa lára yá yẹ kí ó jẹun kí ó tó lọ sùn ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Bí a bá fẹ́ bu ọlá fún Althea Gibson, kí á wo àwọn tí ó ń ṣeré fún wa lónìí, kí á sì bi ara wa léèrè bóyá wọ́n ti jẹun.